Awakọ̀ Tó Ń Gbé Wa Lọ sí Ilé Ìwòsàn

Nígbà tí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ kúrò lára ọmọbìnrin mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ owó fún àwọn dókítà tó ń ṣe ìwádìí àrùn náà lára ọmọdé. Gáréèjì Ore ni mo kọ́kọ́ lọ. Ojú ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí kí wọ́n má pè mí ní oníjìbìtì.

Ibẹ̀ ni mo ti rí awakọ̀ tó máa ń gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn. Ó wò mí títí kó tó sọ̀rọ̀.

“Ìyá, ó ti pẹ́ tí mo ti rí yín. Mi ò mọ bí n ó ṣe béèrè ọmọ.”

“Ó ń ra ọsàn lọ́hùn-ún.”

Mo pè é. Ó sáré wá, ó kúnlẹ̀ kí i.

“Alihamudulilahi!” Awakọ̀ náà fọwọ́ nu ojú, ó yíjú sí àwọn èrò ọkọ̀ rẹ̀. “Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá yìí o. Ọmọ yìí ò lè dá jókòó nígbà tí mo ń gbé e.”

Òun ló kọ́kọ́ dáwó. Ara tù mí, mo sì sọ̀rọ̀ sókè.