Ìlà Tó Bára Mu Lórí Bébà

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ìlà wẹ́wẹ́ orí bébà ni mo fi ba oko àbúrò bàbá mi jẹ́.

Ilé ìwádìí ọ̀pẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Pọ́bẹ̀. Àrùn kan wà tó ń mú ewé ọ̀pẹ rọ títí igi á fi kú. Ọ̀pẹ ògbólógbòó kan wà lóko àbúrò bàbá mi yìí, tí mo ń pè ní Bàbá, n'Ìta-Jẹ̀bú tí àrùn yìí ò mú rí. Mo bu ewé rẹ̀, mo yọ ADN inú rẹ̀, okùn wínníwínní tí ìran fi ń wọ inú ọmọ. A máa ń gé okùn náà, a ó sì fa ìlà sórí bébà láti fi ibi tí a ti gé e hàn. Nígbà tí mo gbé àwòrán ìlà rẹ̀ lé ti ọ̀pẹ ilé ìwádìí wa kan tí àrùn náà ò lè mú, wọ́n bára mu. Ayọ̀ pa mí bí ọtí. Mo pe Bàbá: "Ọ̀kan náà ni wọ́n! Ẹ wó àwọn yòókù, ẹ gbin ọmọ rẹ̀." Àwọn yòókù yìí ló sì ń bọ́ ilé rẹ̀ o.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọ̀gá mi obìnrin, tí mo jù lọ́jọ́ orí, wo àwòrán náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò fà á sọ́tùn-ún sósì kó tó bára mu?"

"Díẹ̀ ni, Màdáàmù."

"Bí mo bá fa ẹ̀yin náà bẹ́ẹ̀, ẹ ó jọ àgùntàn. Ẹ da àwọn ègé rẹ̀ rú, kí ẹ tún fi wé ti ọ̀pẹ wa."

Mo kọ gígùn ègé kọ̀ọ̀kan sórí bébà pélébé, mo dà wọ́n sínú fìlà, mo ń tò wọ́n bí ọwọ́ bá ti bà wọ́n. Àwòrán tí kò sí ọ̀pẹ tó ni ín! Mo fà á díẹ̀, ó bá ti ọ̀pẹ wa mu. Mo tún dà á rú, ó tún bá a mu. Ohun tí èèṣì ń ṣe léraléra, báwo ló ṣe lè jẹ́ ẹ̀rí ìbátan?

Mo pe Bàbá, fóònù ò wọlé. Mo pè é títí ilẹ̀ fi ṣú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ọlọ́kadà zẹ́mijàn kan gbé mi dé oko. Àwọn alágbàṣe Bàbá ti fi àáké wó ọ̀pẹ mẹ́ta lulẹ̀.

"Bàbá, ẹ dúró! Èèṣì ni!"

"Ọ̀mọ̀wé, ṣebí ìwọ lo ní kí n wó wọn?"

"Èèṣì ni, Bàbá."

Ó tọ́ka sílẹ̀. "Ó dáa. Lọ pe èèṣì wá, kó bá mi gbé wọn dìde."

Mo dì mọ́ ọ̀pẹ kẹrin, èèpo rẹ̀ ń gún mi láyà, mi ò sì tú u sílẹ̀ títí àwọn alágbàṣe fi kó àáké wọn lọ sílé.