Ọjọ́ Tí Ọmọlangidi Wa Kọsẹ̀

"Kamaráàdì, bá mi rán bùbá kan," ni ọkùnrin náà wí. Ó na ìka àárín rẹ̀ sí mi. "Kó má gùn ju èyí lọ."

Láyé Rẹfolúsíọ̀n ni, nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn máa pe ara wọn ní kamaráàdì. Aránṣọ ni mí ní àdúgbò Jonquet, mo sì rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

"Ọmọ ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́?"

"Ọmọlangidi ni. Ó fẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ọsibítù."

Bí mo ṣe mọ Ẹ̀gbọ́n Sànúsí nìyẹn, ọmọ Ṣakété tó ń ya fíìmù fún ìjọba. Éèyi ń pa àwọn ọmọdé, àwọn ìyá sì ń fi wọ́n pamọ́ sílé. Ìjọba ní kí Ẹ̀gbọ́n ṣe fíìmù tí yóò yí wọn lọ́kàn padà, ṣùgbọ́n kò sí ìyá tó máa gbà kí wọ́n ya ọmọ òun lórí àìsàn. Ni Ẹ̀gbọ́n bá fọwọ́ ara wọn gbẹ́ ìyá kan.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo bá wọn wọ yàrá iṣẹ́ wọn lẹ́bàá èbúté, n kò sì padà sí Jonquet fún ọdún mọ́kànlá. Wáyà ni egungun ọmọlangidi náà, fóòmù ni ẹran ara rẹ̀, igi ni orí. Ẹ̀gbọ́n á sún ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, bí ìbú hóró ìrẹsì kan, wọ́n á ya àwòrán. Wọ́n á tún sún un, wọ́n á tún yà. Àwòrán mẹ́rìnlélógún kí ojú tó rí ìṣẹ́jú-àáyá kan! Bí kẹrénì bá sọ ẹrù kalẹ̀ ní èbúté, tábìlì á mì, a ó sì dúró láìmí. Mo bi Ẹ̀gbọ́n pé ta ló wá ń mú un rìn gan-an.

"Ojú ẹni tó ń wò ó," ni wọ́n dáhùn.

Ní ọjọ́ kẹrin tí ìyá náà ti ń rìn lọ sí ọsibítù, mo na ọwọ́ láti tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ọwọ́ aṣọ mi kọ́ ọ. Ó ṣubú lójú ọ̀nà, tòun tọmọ. Kò sí ẹni tó lè dá a padà síbi tó wà gẹ́lẹ́; bó bá sì yẹ̀ díẹ̀, ojú á rí i nínú fíìmù, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo bú sẹ́kún.

Ẹ̀gbọ́n ò bá mi wí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú tábìlì, wọ́n wò ó títí.

"Obìnrin tí kò sùn láti ìjẹta, tó gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná dání," ni wọ́n wí, "ṣé kò lè kọsẹ̀ ni?"

Nínú ìkọsẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀. A fi ọjọ́ mẹ́ta ya ìṣubú náà, a fi márùn-ún mú un dìde: ọwọ́ kan, orúnkún kan, lẹ́yìn náà ọmọ.

Òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ fíìmù, nítorí náà oṣù mẹ́ta kọjá kí a tó rí i. Kíláàsì kan ní Fidjrossè, létí òkun, la ti kọ́kọ́ fi í hàn, lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú aṣọ dúdú lójú fèrèsé. Àwọn ìyàwó apẹja kún ibẹ̀. Nígbà tí ìyá náà ṣubú, gbogbo yàrá ké pé, "Pẹ̀lẹ́ o!" Màmá arúgbó kan dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú láti gbà á mú. Èmi tí mo rán bùbá yẹn, tí mo mọ wáyà inú rẹ̀, orí mi wú. Èmi náà ń wí pé pẹ̀lẹ́.

Ẹnu ọ̀nà ọsibítù ni fíìmù wa parí sí. Màmá náà wá bá mi, ó fi èdè Fọ̀n béèrè pé, "Ọmọ náà ńkọ́?"

Mo wo Ẹ̀gbọ́n. A ò ya ibẹ̀ rárá.

"Ara rẹ̀ ti yá, Màmá," ni mo wí.

"Mo fẹ́ rí i."

Ní ọjọ́ Ajé a tún gbé tábìlì kalẹ̀. Mo rán ṣòkòtò kan tí kò ju èékánná lọ, a sì fi ọjọ́ méjìlá mú ọmọ náà rìn láti orí bẹ́ẹ̀dì títí dé ọwọ́ ìyá rẹ̀.