Ààrò Tí Kòlèwó Fi Sìmẹ́ǹtì Mọ

Ní gbogbo àdúgbò, Kòlèwó ni wọ́n ń pe bàbá bíríkìlà yìí, nítorí pé láti ogójì ọdún tó ti ń mọlé, ògiri rẹ̀ kan ò wó rí. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn ju èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bá a jiyàn, èsì rẹ̀ ò ju, "Ẹ lọ wo iṣẹ́ mi." Bàbá yìí lè mọ yàrá mẹ́rin kó má sọ gbólóhùn mẹ́rin.

Ìyàwó rẹ̀ lẹnu ẹ̀ máa ń yá nínú ilé, títí di ìgbà tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ búrẹ́dì tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjìlélógún pa. Láti ìgbà náà, ìyá náà á kàn jókòó sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, á máa fi ọwọ́ kan ra ìkejì bí ẹni ń po ìyẹ̀fun. Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, tó ń gbé ní ìlú míì, ní kó wá máa bá òun gbé. Ó tiẹ̀ ti dá Sátidé tí yóò fi ọkọ̀ wá gbé e.

"Bàbá ọmọ mi, kí ni mo fẹ́ máa ṣe níbí?" ni ìyá náà wí. "Bàbá mi mọ ààrò amọ̀ sẹ́yìnkùlé wa, ìdí ẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́. Tí mo bá lè rí irú ẹ̀, tí mo yan búrẹ́dì kan péré nínú ẹ̀, mi ò ní lọ síbì kankan."

Ó yẹ kí Kòlèwó wí pé, "Má lọ." Ọ̀rọ̀ náà ò ju méjì lọ. Ṣùgbọ́n ṣọ́bìrì ló gbé, ó di ẹ̀yìnkùlé.

Ìyá náà ló ń fọ̀nà hàn án. Wọ́n fi bíríkì tẹ́ ìsàlẹ̀. Wọ́n kó yanrìn tútù jọ lé e lórí, wọ́n fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ di òkìtì roboto, wọ́n fi bébà tó rin bò ó kí amọ̀ má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Orí òkìtì yìí ni wọn yóò mọ amọ̀ lé. Bí amọ̀ bá ti dúró, wọn á gba ẹnu ààrò kó yanrìn inú rẹ̀ jáde.

"Amọ̀, yanrìn àti koríko gbígbẹ nìkan o," ìyá náà kìlọ̀. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló máa fi gbẹ. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú…"

"Kì í bàjẹ́," Kòlèwó bá a parí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú lọjọ́ náà. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, ó rí i pé Sátidé ò ní dúró de amọ̀ kankan.

Lọ́jọ́ kejì, bí ìyá náà ṣe jáde lọ wá igi ìdáná, ọ̀gá bíríkìlà gbé ààbọ̀ àpò sìmẹ́ǹtì tó kù nínú yàrá irinṣẹ́ rẹ̀, ó dà á sínú amọ̀, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi pò pọ̀. Ẹni tí sìmẹ́ǹtì ò já kulẹ̀ fún ogójì ọdún, ta ló fẹ́ sọ fún un pé sìmẹ́ǹtì àti iná kì í ṣọ̀rẹ́? Nígbà tó mọ ọ́n tán, ó fi amọ̀ pupa lásán rẹ́ ẹ lóde. Nígbà tó kó yanrìn jáde ní Ọjọ́rú, ó rẹ́ inú náà.

Ní Ọjọ́bọ̀, ìyá náà fi ìka kan ààrò. Ó le koko.

"Ṣé ó ti gbẹ báyìí ni?"

"Oòrùn ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe kékeré."

Ẹni tó dàgbà nídìí ààrò mọ̀ pé oòrùn kan ò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wu òun náà láti gbà á gbọ́, ó sì gbà á gbọ́.

Lọ́sàn-án Jímọ̀, wọ́n dáná sí i. Nígbà tí iná rọlẹ̀, ìyá náà wọ́ ẹyín iná jáde, ó ti búrẹ́dì mẹ́rin wọlé, ó sì fi pákó dí ẹnu ààrò. Kò pẹ́ tí òórùn búrẹ́dì fi gbalẹ̀. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí Kòlèwó ò rí láti oṣù mẹ́jọ.

"Ẹ tètè lọ fọwọ́ o," ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹni tí sìmẹ́ǹtì bá wà lọ́wọ́ ẹ̀ ò ní jẹ nínú búrẹ́dì mi."

Kòlèwó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

Ààrò dún gbàà. Ó tún dún. Nígbà tí wọ́n ṣí pákó, ìdajì òrùlé rẹ̀ ti já lu búrẹ́dì mọ́lẹ̀. Ìyá náà mú àfọ́kù kan, ó yí i wò. Àwọ̀ eérú ló wà nínú rẹ̀.

"Bàbá ọmọ mi, kí lẹ fi sí i?"

Irọ́ ti dé ẹnu rẹ̀, ó gbé e mì. "Sìmẹ́ǹtì."

"Ṣebí mo sọ fún yín!"

"O sọ fún mi."

"Kí ló wá dé?"

"Ẹ̀rù ló bà mí. Ọ̀la ni Sátidé. Mi ò fẹ́ kí o lọ."

Ìyá náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eérú. Ó ń bínú, ó ń sunkún, kò sì fi ìkankan pa mọ́.

"Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti fẹ́ mi, ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Sìmẹ́ǹtì lẹ wá lọ bẹ̀ pé kó bá yín sọ ọ́. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn, tí mò ń retí kẹ́nì kan sọ pé òun ṣì ń fẹ́ mi nínú ilé yìí."

Ojú ti Kòlèwó débi pé kò lè gbórí sókè.

Nígbà tí ọmọ wọn dé lọ́jọ́ kejì, ìyá náà ti di ẹrù rẹ̀. Kòlèwó ti fi òòlù fọ́ ìyókù ààrò láti àárọ̀, ó sì ti ń po amọ̀ mìíràn. Bó ṣe gbọ́ ariwo ọkọ̀ tí ìyá náà ti wọ̀, ó sáré dé ojú fèrèsé rẹ̀ tòun ti amọ̀ títí dé ìgúnpá.

"Mo ti bẹ̀rẹ̀ òmíì," ó ní. "Amọ̀ lásán ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Ìyá náà sọ gíláàsì fèrèsé kalẹ̀.

"Ẹ máa pè mí lálaalẹ́," ó wí. "Àmọ́ tẹ́ ẹ bá pè, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ ààrò o."