Bàtà Oníbọ́tìnì Mẹ́jọ

Kí wọ́n tó bí bàbá tó bí mi ni mo ti ń rán bàtà fún àwọn ọmọ Èkó. Gbogbo ẹsẹ̀ kéékèèké tó wọ bàtà láti Sábó dé Ìwáyà, abẹ́ ọwọ́ mi ló ti kọjá. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó lọ béèrè lọ́wọ́ bàbá mi. Itẹ́ òkú ni wọ́n wà.

Irú ẹnu báyìí ló kó mi sí wàhálà. Ọmọ ọmọ mi obìnrin, tí òun àti ìyá rẹ̀ ń bá mi gbé ní Muṣin, ti gbọ́ lẹ́nu mi tipẹ́ pé bàtà tí bàbá mi wọ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní kékeré wà nínú àpótí mi. Mo ní awọ dúdú ni, ó ga kọjá ọrùn ẹsẹ̀, bọ́tìnì mẹ́jọ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìkọ́ wáyà ni wọ́n sì fi ń fà wọ́n gba ihò. Láyé ìgbà yẹn, bàtà kánfáàsì tí a ń fi ẹfun kùn kò tíì dé. Ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń fi rìn. Ọmọ tó bá ní bàtà, orí ló ń gbé e lé títí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kó má baà gbó. Ibẹ̀ ni yóò ti fọ ẹsẹ̀, kó tó wọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ọmọ náà ti ilé ìwé dé.

"Bàbá àgbà, àǹtí wa ní ká mú nǹkan àtijọ́ wá lọ́jọ́ Ẹtì. Mo ti sọ fún wọn nípa bàtà yẹn."

"Bàtà wo?"

"Èyí tó wà nínú àpótí yín."

Agbádá méjì àti ṣòkòtò tí kò gba ikùn mi mọ́ ló wà nínú àpótí mi. Àmọ́ iṣẹ́ bàtà ni mo fi jẹun dàgbà. Ohun tí mi ò ní, mo lè rán an. Mo tú báàgì aláwọ kan tí olóògbé ìyàwó mi fi sílẹ̀, mo sì já bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà sùn lọ lórí àga lọ́sàn-án, mo fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan wọn ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí àwọn ìyá ayé àtijọ́ ṣe ń ṣe nìyẹn: wọ́n á dá a mọ́ ìwọ̀n ẹsẹ̀ ọmọ, wọ́n á fi ìbú àtàǹpàkò kún un torí pé ọmọ ń dàgbà, wọ́n á wá mú un lọ sọ́jà.

Mo tì í bọ àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò mi. Mo sì jókòó lé e, ó dá sí méjì.

Ààbọ̀ rẹ̀ ló wá sọ́wọ́ mi, mi ò fura, òun ni mo fi gé awọ. Ní Ọjọ́bọ̀ tí mo rán an tán, bàtà ọmọ ọdún kan ni mo rí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni tèmi. Mi ò jẹun alẹ́. Wọ́n máa fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí irọ́ mi.

Lẹ́nu géètì ilé ìwé wọn ní Sábó láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo fà á lọ́wọ́.

"Dúró ná. Bàtà yìí kì í ṣe ti bàbá mi. Èmi ni mo rán an."

"Mo mọ̀. Ilé ti ń rùn fún gọ́ọ̀mù láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ti sọ fún àǹtí wa pé ẹ̀ ń rán an lọ́wọ́."

"O ò bínú?"

"Báàgì ìyá àgbà nìkan ni. Ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé fún wọn tẹ́ ẹ bá dé ọ̀run."

Mo ra ẹ̀pà lẹ́nu géètì, mo jẹ ẹ́ bí ẹni tó gbààwẹ̀. Nígbà tó jáde lọ́sàn-án, ó ní ọmọ àǹtí wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn ni wọ́n wọ bàtà náà fún, ó sì bá a mu rẹ́gí.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ irọ́ tí mo fẹnu ara mi dá sílẹ̀. Mi ò rán nǹkan kan kí wọ́n tó bí bàbá mi. Bàbá mi náà ò sì wọ bàtà oníbọ́tìnì rí. Ẹ̀gbọ́n wọn ló ni ín. Bàbá mi ló ń gbé e lórí lọ ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá mi ló ń bá a fa bọ́tìnì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ iye rẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n wọn wọlé.