Ìlà Tí Sùlàímọ́nù Fà Sórí Fọ́ọ̀mù Fìríìjì

Ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Bódìjà, ta ni kò mọ Baba Ẹ̀dínwó? Sùlàímọ́nù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìgbẹ́tì ni, ó sì ti pẹ́ tó ti ń bá ìjọba ra nǹkan: àga, búlúùbù, fáànù. Á gba ìwé iye owó lọ́wọ́ ọlọ́jà mẹ́ta ní Dùgbẹ̀, èyí tó bá kéré jù ló ń mú. Kò jalè rí o, ẹ má purọ́ mọ́ ọn. Ohun tó fi ń yangàn gan-an nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, fọ́ọ̀mù tuntun dé. Ẹni tó bá fẹ́ ra ohun tó ń lo iná gbọ́dọ̀ kọ bó ṣe ń jẹ iná tó lójúmọ́ síbẹ̀, kí wọ́n lè mú èyí tí kì í jẹ iná púpọ̀, bó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀. Wọ́n ṣèpàdé lé e lórí, Sùlàímọ́nù sùn níbẹ̀ fọnfọn! Nígbà tó wá kan fìríìjì ilé ìwòsàn kékeré kan ní Agbowó, èyí tó ń lo sólà, ó ṣe bí wọ́n ṣe máa ń ṣe síbi tí kò bá yé wọn nínú fọ́ọ̀mù ìjọba: ó fa ìlà gbọọrọ sí i, ó buwọ́ lù ú. Èyí tó kéré lówó jù náà ló rà.

Háà, alájẹkì ni fìríìjì ọ̀hún! Òjò ṣú fún ọjọ́ méjì péré, ó ti fa bátìrì gbẹ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ ọwọ́ bàjẹ́ pátá. Àwọn ìyá pọn ọmọ wá láti Ṣàngó, wọ́n tún pọ̀n wọ́n padà.

Ta ni wọ́n di ẹ̀bi rù? Fadékẹ́mi, nọ́ọ̀sì tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ṣe ló ṣílẹ̀kùn fìríìjì sílẹ̀. Wọ́n fún un ní kúẹ́rì, wọ́n ní kó lọ jókòó sílé títí wọn ó fi gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ìwé ẹjọ́ náà gba orí tábìlì Sùlàímọ́nù kọjá. Ó kà á, ó rí i pé fìríìjì tí òun rà ni, ó sì rántí ìlà tó fà sórí fọ́ọ̀mù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi lanu. Ó ń kírun, ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ó ku oṣù mẹ́rin kó fẹ̀yìn tì, ẹ̀rù ń bà á, ojú sì ń tì í bí ẹ̀rù ṣe ń bà á.

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, ó mú fọ́ọ̀mù náà wọlé tọ àwọn ìgbìmọ̀.

“Ẹ má bínú, ọmọ yìí ò ṣẹ̀. Èmi ni. Ibi tó yẹ kí n kọ iná sí rèé, ìlà ni mo fà. Fìríìjì tí mo rà ju agbára sólà wọn lọ.”

Ó yíjú sí Fadékẹ́mi, tí kò dàgbà ju àkọ́bí rẹ̀ lọ.

“Ọmọ mi, jọ̀ọ́, dárí jì mí.”

Fadékẹ́mi kúnlẹ̀, ṣebí àgbà ni. “Ẹ ṣé, sà. Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?”

“Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.”

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?” Omi lé ròrò sójú rẹ̀. “Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni bàbá mi ò ti dáhùn ìkíni mi. Wọ́n ní mo fi ọmọ ọlọ́mọ ṣeré. Mo búra títí, wọn ò gbà. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi délé ní Ṣálẹ́ńjì, kí ẹ fẹnu ara yín sọ fún wọn.”

Sùlàímọ́nù ò lè wo ojú rẹ̀. Ó ní, “Jẹ́ ká lọ.”