Káńfọ̀ Nínú Táǹkì Ìjàpá

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn tí èmi àti ìyàwó mi jọ lò, ó ṣí àpótí aṣọ rẹ̀, òórùn káńfọ̀ sì gba gbogbo yàrá. Ó ń wá ìró tí yóò ró lọ sí ìsọmọlórúkọ kan lópin ọ̀sẹ̀. Mo sín lórí ibùsùn, mo tún sín. Ó yọjú láti ẹ̀gbẹ́ àpótí, ó ní, "Bàbá Títí, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kòkòrò nìkan ni mo fẹ́ fi lé, mi ò mọ̀ pé yóò lé ọkọ mi náà." Ó tẹ́ ìró náà sórí àga kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó ń lọ sí ilé ìwé tó ti ń kọ́ni ní Ìbarà. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti sọ pé tayà ọkọ̀ òun ti gbó, pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ òun yóò lọ pààrọ̀ wọn. Mo ní kí ó máa rọra wà á. Ní ọ̀sán ni wọ́n pè mí láti ilé ìwé pé orí ń fọ́ ọ. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ó ti lọ.

Ìró náà wà lórí àga fún ìgbà pípẹ́. Nígbàkúùgbà tí mo bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òórùn káńfọ̀ a gbé mi lọ. Mo ti rò pé ọ̀dọ̀ ìyàwó mi ni yóò máa gbé mi lọ, ṣùgbọ́n ibi tó jìn jùyẹn lọ ló ń gbé mi dé, agboolé wa ní ẹ̀yìn Ṣàpọ́n, nígbà tí mo ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nínú ọkọ̀ bàbá mi. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà yóò rántí irú ọkọ̀ náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ rí róbótó bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, ẹrù rẹ̀ wà níwájú. Gbogbo ìlú ló ń pè é ní Ìjàpá.

Akọ̀wé ni bàbá mi ní ilé iṣẹ́ ìjọba ní Ìbarà. Nígbà ọyẹ́, kùrukùru a bo gbogbo òrùlé páànù tó ti pọ́n fún ìpẹtà láti ọ̀dọ̀ wa títí dé ìsàlẹ̀, a ó kàn máa gbọ́ ohùn àwọn tó ń pọnmi láìrí wọn. Nínú kùrukùru yẹn ni bàbá mi ti máa ń jí Ìjàpá. Yóò kọ̀, yóò wúkọ́, yóò tún kọ̀, lẹ́yìn náà yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ geere. Èmi a jókòó sí iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a ó gba ẹnu ilé ìwé mi kọjá. Nínú ilé, bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá pe orúkọ mi, iṣẹ́ ló fẹ́ rán mi. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ yẹn, a máa bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. A sọ ohun tí ọ̀gá rẹ̀ wí fún mi, a bi mí pé kí ni mo rò sí i. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń tètè jí.

Ọdún kan wá dé tí epo bẹ́ńtíróò wọ́n. Àwọn ènìyàn a to kẹ́ẹ̀gì sẹ́nu ilé epo láti ìrọ̀lẹ́. Ìjàpá dúró sójú kan lábẹ́ igi máńgòrò, adìẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yé sábẹ́ rẹ̀. Màmá mi, tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, tí aró kì í fẹ́ẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí dé ọrùn ọwọ́, kó ẹyin kan láti abẹ́ tayà lọ́jọ́ kan, ó gbé e síwájú bàbá mi.

Ó ní, "Bàbá Ṣínà, ilé adìẹ yín ti ń so èso. Ọkùnrin Láfẹ́ńwá yẹn tún wá wo ọkọ̀ yìí lánàá. Ẹ jẹ́ ká tà á fún un."

Bàbá mi ní, "Kò mu epo tó bí o ṣe rò."

"Kò mu epo tó bí mo ṣe rò. Ó dáa. Mo ní aṣọ tí mo fẹ́ kó lọ Ìbàdàn. Bí ó bá fi epo inú rẹ̀ nìkan gbé wa lọ, tó sì gbé wa padà sẹ́nu ọ̀nà yìí, mi ò ní dárúkọ títà mọ́. Bó bá dá wa dúró sójú ọ̀nà, ará Láfẹ́ńwá yóò wá mú un ní Sátidé."

Bàbá mi gbà kó tó parí ọ̀rọ̀. Èmi tí mo wà nídìí àwo ẹ̀bà mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ tó kù sí Sátidé.

Tayà ló kọ́kọ́ bojú tó. Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta tayà, ẹni yẹn sì gbé tayà tòkunbọ̀ kan tó fẹ̀, tó dúdú bí ìdí ìkòkò, síwájú wa. Ojú mi wọ inú rẹ̀. Bàbá mi mi orí. Ó ní, "Ṣínà, tayà tó bá fẹ̀ jù, ilẹ̀ ló máa ń lẹ̀ mọ́. Ẹ́ńjìnnì á máa fà á bí ẹni ń fa ewúrẹ́ lọ sọ́jà." Ó mú àtàǹpàkò mi, ó fi èékánná rẹ̀ tẹ ara tayà míì tó tóóró, ó ní kí n wò ó bóyá ojú èékánná náà yóò padà. Ó padà. Ó ní ìyẹn ṣì wà láàyè. Ó tún fi ìlà wínníwínní hàn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó fẹ̀ yẹn, bí gìgísẹ̀ tí ọyẹ́ là, ó ní ìyẹn ti ń kú lọ, dídán tí wọ́n fi nǹkan pa á ló ń tàn mí jẹ. Èyí tó tóóró la rà. Lọ́dọ̀ fọ́kánáísà, èmi ló ní kí n mú irin tí wọ́n fi ń wọn atẹ́gùn, kí n wò ó fúnra mi. Ó ní bí atẹ́gùn tayà bá ti kéré, epo ni yóò máa fi ṣe oúnjẹ.

Ká ní ibẹ̀ ló dúró ni, ọgbọ́n ni gbogbo rẹ̀ ìbá jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba bàbá mi ju bó ṣe ń fi hàn lọ. Ní Ṣàpọ́n, ẹnìkan tà á ní irin kékeré kan tó ń fa irin mọ́ra, pé kí ó so ó mọ́ ọ̀pá tí epo ń gbà kọjá, epo yóò pẹ́. Ó so ó. Lẹ́yìn náà ni akọ̀wé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan sọ fún un pé bí ènìyàn bá ju káńfọ̀ sínú táǹkì, epo á máa jó dáadáa, kò sì ní tètè tán. Ibi kan ṣoṣo ni káńfọ̀ wà nínú ilé wa, inú àpótí aṣọ màmá mi. Èmi ló ní kí n dúró sẹ́nu ọ̀nà, kí n wúkọ́ bí màmá mi bá ń bọ̀. Mo gbọ́ tí ìdérí àpótí dún, mo gbọ́ tí aṣọ ń sún. Bàbá mi jáde, ó di ọwọ́ méjèèjì bí ọmọdé tó mú tata.

A gbéra ní kùtùkùtù. Màmá mi jókòó síwájú, èmi wà lẹ́yìn láàárín àdìrẹ tí wọ́n ká jọ. Òórùn aró yí mi ká, ó tutù, ó sì dùn mọ́ mi. Ojú ọ̀nà Ìbàdàn tóóró nígbà náà, oko ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ sì sún mọ́ títì tó bẹ́ẹ̀ tí ewé ń gbá fèrèsé. Nígbà tí a bá ń gun òkè, bàbá mi a wà á bí ẹni tó gbé ẹyin sórí. Bí a bá ti dé góńgó, a yọ jíà, a fi ọkọ̀ sí firí, Ìjàpá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lọ sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ariwo á rọlẹ̀. A ó gbọ́ ẹyẹ, a ó gbọ́ tayà lórí ọ̀dà, ṣẹ́ẹ́ṣẹ́ẹ́, bí ẹni ń fẹ́ ìyẹ̀fun. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ nínú wa ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ó dà bíi pé bí a bá sọ̀rọ̀, ọkọ̀ yóò rántí pé òun wúwo. Títí dòní, bí oorun bá ń gbé mi lọ, bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí.

A dé Ìbàdàn, màmá mi ta ọjà rẹ̀, a kọrí sílé. A ti kọjá Ọ̀dẹ́dá nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa imú.

Ó ní, "Kí ló ń rùn bí àpótí mi?"

Bàbá mi tẹjú mọ́ ọ̀nà.

"Bàbá Ṣínà, mo ní kí ló ń rùn bí àpótí mi nínú ọkọ̀ yìí?"

"Wọ́n ní ó máa ń ran epo lọ́wọ́."

Màmá mi yíjú sí mi lẹ́yìn. Mo wo àdìrẹ. Ó tún yíjú sí bàbá mi, mo rò pé ìjà dé. Ó ní, "Ẹ fẹ́ kí kòkòrò jẹ aṣọ ìgbéyàwó mi nítorí ìjàpá," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di àyà mú. Bàbá mi náà kò lè pa á mọ́ra mọ́.

A ti fi Àdátán sílẹ̀, a sì ti dé orí ibi tí ilẹ̀ ti ń dà sí ìsàlẹ̀ níhà ọ̀dọ̀ wa, nígbà tí ẹ́ńjìnnì wúkọ́, tó sì dákẹ́. Mo rí ọwọ́ bàbá mi tó lọ sídìí jíà, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ìgbà tó ń ṣe é láti àárọ̀. Ó fi í sí firí. Ìjàpá ń yọ̀ lọ. Ó kọjá lára àwọn tó ń ká aṣọ gbígbẹ, ó kọjá ẹnu mọ́ṣáláṣí, àwọn ọmọ kan sá kúrò lọ́nà, wọ́n ń juwọ́ sí wa. Mo di ìdí àga bàbá mi mú, mò ń bẹ ilẹ̀ nínú ọkàn mi pé kó má tíì tẹ́jú. Nígbà tí yóò fi tẹ́jú, a kù díẹ̀ ká dé. Ìjàpá ń fà, ó ń fà, ó dúró sábẹ́ igi máńgòrò.

Màmá mi kò sọ̀ kalẹ̀. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ aláró rẹ̀ lé itan.

Ó ní, "Ṣé epo ti tán ni?"

Bàbá mi ní, "A ti délé."

Ó wo ẹnu ọ̀nà wa fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ní Sátidé, ẹ sọ fún ará Láfẹ́ńwá pé ọkọ̀ yìí ní ẹni tó ni ín." Ó wá sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí n máa kó aṣọ bọ̀.

Mo ti kàwé tó láti mọ̀ pé káńfọ̀ kò ran epo lọ́wọ́, pé irin tí a so mọ́ ọ̀pá yẹn kò ṣe nǹkan kan, àti pé ìwà eléwu ni kí ènìyàn máa fi ọkọ̀ sí firí lórí òkè. Àwọn ọkọ̀ òde òní tilẹ̀ máa ń dín epo kù fúnra wọn bí ẹsẹ̀ awakọ̀ bá ti kúrò lórí ohun tí à ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré. Ohun tó gbé wa dé ilé lọ́jọ́ náà ni tayà tóóró, atẹ́gùn tó pé, àti ìlú tí wọ́n kọ́ sórí òkè. Mo dàgbà, mo ríṣẹ́ sí Èkó, ọkọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń gbé wa lọ láti ìlú wa, tó ń gbé wa bọ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ìyàwó mi ló ń wa ọkọ̀ kékeré tiwa, òun ló mọ ohun tó ń jẹ àti ohun tó ń mu.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Títí ọmọbìnrin wa ní ká ta ọkọ̀ ìyá òun. Ó ti bá ẹnìkan sọ̀rọ̀, ẹni náà yóò wá wò ó. Ó ní, "Dádì, ẹ má bínú o, ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ibi tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí." Mo ní màá ronú sí i. Ọmọ tó wà lẹ́yìn Ìjàpá rò pé bí ọkọ̀ bá lọ, ohùn bàbá òun yóò bá a lọ. Èmi àgbàlagbà mọ̀ pé ohùn ń lọ, yálà a ta ọkọ̀ tàbí a kò tà á. Síbẹ̀, kò wù mí kí ẹnikẹ́ni wá wò ó.

Ní ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ dá, mo mú kọ́kọ́rọ́. Àga awakọ̀ ṣì wà níwájú gan-an, nítorí ìyàwó mi kò ga. Mo jókòó díẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Mo wá tì í sẹ́yìn, ìwọ̀nba tí orúnkún mi fi gbà, mo sì rọra wà á lọ sí Pánṣẹ́kẹ́.

Ọkùnrin tó ń ta tayà níbẹ̀ gbé èyí tó fẹ̀, tó ń dán, wá. Ó ní, "Bàbá, èyí ló wà lóde báyìí. Á jẹ́ kí ọkọ̀ yín dúró bí ọkùnrin." Ó tún mú nǹkan kékeré kan tó ní iná jáde, pé bí mo bá kì í bọ abẹ́ sítíárìn, ìdajì epo ni màá máa rà. Mo dá a padà fún un. Mo ka ìwọ̀n tó wà lára tayà àtijọ́, mo ní irú rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́. Ó gbé e wá. Mo wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ìlà, mo wá ibi tí wọ́n kọ ọdún tí wọ́n ṣe é sí, mo fi èékánná tẹ ara rẹ̀, mo sì dúró kí ojú èékánná náà padà.

Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá yìí, ṣé fọ́kánáísà lẹ ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni?"

Mo ní, "Rárá o. Ọmọ akọ̀wé ni mí."

Mo dúró tì wọ́n títí wọ́n fi dè é tán, mo gba irin ìwọ̀n atẹ́gùn, mo wò ó fúnra mi. Mo ń múra àtilọ nígbà tí Títí pè láti Èkó, pé ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ fẹ́ wá lọ́la.

Mo ní, "Sọ fún un kó má wulẹ̀ wá. Mo ti ra tayà."

 Ó ní, "Mélòó, Dádì?"

Mo ní, "Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."