Àmùrè Abẹ́ Síńgílẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ta ni nínú yín tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun kò purọ́ fún nọ́ọ̀sì rí? Èmi ti pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀, mo sì ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà tí mo pa á.

Ọmọ mi ọkùnrin ló ṣubú lórí ọ̀kadà lójú ọ̀nà Ìyìn. Ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ fara pa lókè, kò sì mọ ohunkóhun lára mọ́ láti àyà dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kẹ̀kẹ́ arọ ló ń gbé e kiri, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò rọ. Ọmọ ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń wá. Dókítà obìnrin kan ní Adó sọ pé àtọ̀ ṣì wà lára rẹ̀, pé ẹ̀rọ kékeré kan tí ń gbọ̀n ni àwọn yóò fi gbà á. Ó wá kìlọ̀ fún mi.

"Bàbá, ara tí kò mọ ìrora kò dákẹ́ o. Bí nǹkan bá ń ni ín lára nísàlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ni yóò fi pariwo. Ó sì lè pa á."

Mo mi orí bí ẹni tó gbọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a ń lọ, mo mú àmùrè funfun tí wọ́n gbàdúrà sí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Láàárín àwa aládùúrà, ẹni tó ń lọ síbi ohun ńlá kì í lọ láìdi àmùrè. Ọmọ mi kò fẹ́ràn irú rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí mo ń bá a wọṣọ, tí òun ń wo bọ́ọ̀lù lórí fóònù, mo we é mọ́ ọn níkùn lábẹ́ síńgílẹ́ẹ̀tì. Mo ta á ní kókó mẹ́ta, mo sì fà á le, nítorí mi ò fẹ́ kí àdúrà já sọ́nà. Kò tilẹ̀ bojú wolẹ̀.

Nígbà tí a dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì bi mí pé, "Bàbá, ǹjẹ́ nǹkan kan fún un lára? Bẹ́líìtì? Okùn? Ọ̀já?"

Mo ní, "Ọmọ mi, kò sí." Lójú tèmi, àmùrè kì í ṣe okùn.

Wọ́n ta aṣọ sí agbedeméjì, mo jókòó sí ìhà orí rẹ̀, mo kọjú sí ògiri, nítorí ohun kan wà tí bàbá kì í wò. Ẹ̀rọ náà kò tíì gbọ̀n pẹ́ tí ọmọ mi fi ní, "Bàbá mi, orí ń fọ́ mi gan-an." Òógùn bò ó lójú. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ ti ru kọjá ààlà. Dókítà pa ẹ̀rọ, wọ́n gbé e jókòó, wọ́n yẹ rọ́bà tí ìtọ̀ rẹ̀ ń gbà jáde wò, kò ká. Síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ kò wálẹ̀.

"Kí ló kù?" ni dókítà ń bi ara rẹ̀.

Ẹ̀mí ọmọ mi àti iyì mi wà lórí òṣùwọ̀n, ó sì tì mí lójú pé mo tún dúró wo èyí tó wúwo. Mo ní, "Ẹ wo abẹ́ síńgílẹ́ẹ̀tì."

Nọ́ọ̀sì ká a sókè. "Bàbá, ṣebí ẹ ní kò sí?"

"Àdúrà ni, ọmọ mi."

"Àdúrà oníkókó mẹ́ta."

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n tú u, pé a kì í gé àmùrè. Kókó kọ̀, kò tú. Mo mọ kókó ta púpọ̀. Ọmọ mi di orí mú. "Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e. Ẹ ti so mí bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń gbé lọ sí Ọjà Ọba."

Wọ́n gé e. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ náà wálẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì gbẹ. Dókítà kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí a padà lọ, wọ́n kọ́kọ́ fún un lóògùn tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ru. Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló bọ́ aṣọ rẹ̀, ó ní kí èmi lọ jókòó síta. Wọ́n rí àtọ̀ gbà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìyàwó rẹ̀ bí ọmọbìnrin kan.